Ínṣì Mẹ́rin Ààbọ̀ Lára Ìbọn Ìṣọ́

Èmi ni mo kọ ìròyìn lórí ìbọn náà. Àwọn kan ní ìlú yìí ṣì ń sọ pé ìgbìmọ̀ ló kọ ọ́, àwọn mìíràn ní ṣẹ́rífù ni, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọwọ́ mi ni. Ojú ewé mẹ́rìnlá, pẹ̀lú àlàyé wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, nítorí pé mo lọ sí yunifásítì, kì í sì í rẹ̀ mí láti jẹ́ kí àwọn tí kò lọ mọ̀.

Orrin Haugland ni orúkọ mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, èmi ni igbákejì ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí ọlọ́pàá tí a ń dìbò yàn, ní kántì Alder, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní àríwá Minnesota, níbi tí a ti ní ọlọ́pàá mẹ́rìnlá, ọkọ̀ ìṣọ́ mẹ́sàn-án, àti àgbọ̀nrín tí iye wọn ju ti olùdìbò lọ. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà. "Ọ̀jọ̀gbọ́n" ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè mí. Mo máa ń fajú ro díẹ̀ bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó ń dùn mọ́ mi.

Ìbọn ìṣọ́ la fẹ́ rà. Àwọn tí a ń lò tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ológun la ti rí wọn gbà, ògbólógbòó, ọ̀pá wọn gùn tó ogún ínṣì, inú búùtù ọkọ̀ ni wọ́n sì máa ń sùn. Ṣẹ́rífù wa, Lyle Buchholz, ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìbò rẹ̀ ku ọdún kan. Ó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta: òun fúnra rẹ̀, èmi, àti Arvid Lahti.

Arvid ni olùtọ́jú ìbọn wa láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìran àwọn ará Finland ni. Bí ẹ bá bi í pé ṣé òtútù mú lóde, yóò kọ́kọ́ wọ kóòtù, yóò jáde lọ wò ó, yóò padà wọlé, yóò bọ́ ìbọ̀wọ́, kí ó tó wí pé, "Díẹ̀."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, Arvid gbé ọ̀pá ìbọn méjì sórí tábìlì láàárín àwọn ife kọfí wa, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Bí ọta bá ń sá lọ nínú ọ̀pá, gáàsì gbígbóná ló ń tì í. Ihò kékeré kan wà lára ọ̀pá níbí. Díẹ̀ nínú gáàsì yẹn á gba ihò yìí padà sẹ́yìn, òun láá ti irin inú ìbọn, tí ìkarahun ọta á fò dànù, tí ọta mìíràn á wọlé. Òun náà nìyẹn. Gbogbo ìyókù, ìpolówó ọjà ni."

"A mọ ìyẹn, Arvid," ni ṣẹ́rífù wí, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

"Bí ọ̀pá bá kúrú, ihò yẹn á sún mọ́ ibi tí iná ti ṣẹ́. Gáàsì tó ń gbà á á gbóná, á le, á máa lu irin inú ìbọn bí ẹni ń lu ẹni tó jẹ̀bi. Èyí tí kò ráyè jó tán nínú ọ̀pá, ẹnu ìbọn láá ti jó, níta, lójú gbogbo wa. Ínṣì mẹ́rìndínlógún ni tèmi, kí ihò gáàsì wà ní àárín. Á rọra ta. Á pẹ́ lọ́wọ́."

"Mẹ́rìndínlógún kẹ̀! Ṣé ọ̀pá ìpẹja lẹ fẹ́ rà fún wa ni? Inú ọkọ̀ là ń gbé e sí o." Ṣẹ́rífù na ọwọ́ sí ìbọn kúkúrú tí ẹni tó ń tajà fi ránṣẹ́ kí a fi dán an wò. "Mọ́kànlá ààbọ̀. Ẹ wo èyí, jọ̀ọ́. Ẹ kàn wò ó."

Ó gbé e sáyà, ó sì yíjú sí fèrèsé. Òjò dídì bo ìta, gíláàsì sì mọ́lẹ̀ bíi dígí. Kì í ṣe òjò dídì ni ṣẹ́rífù ń wò.

Arvid mu kọfí rẹ̀. "Ó rẹwà," ó ní. "Èmi ò bá a jà lórí ìyẹn."

Ìdánwò àkọ́kọ́ wáyé nínú ọgbà ọkọ̀: kí èèyàn wọ kóòtù òtútù, kí ó jókòó sídìí ọkọ̀, kí ó sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Ṣẹ́rífù gbé èyí tó kúrú, ó lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Arvid gbé èyí tó gùn, ó lo mẹ́fà.

"Ìṣẹ́jú àáyá méjì!" ni ṣẹ́rífù pariwo. "Ẹ̀mí èèyàn ń bẹ nínú ìṣẹ́jú àáyá méjì! Kọ ọ́ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Odindi ojú ewé kan ni mo fún un, pẹ̀lú àwòrán ìlà. Ohun tí n kò kọ ni pé ṣẹ́rífù ti fi ìgbà mẹ́ta dánra wò kí a tó bẹ̀rẹ̀, àti pé oṣù mẹ́rin péré ló kọjá tí dókítà pààrọ̀ orúnkún Arvid.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọlọ́pàá, ẹ fún mi láyè kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. Nínú gbogbo ọkọ̀, ibi tí ọta kò lè gbà kọjá kò ju ibi ẹ́ńjìnnì àti táyà iwájú lọ. Nítorí náà, bí ọlọ́pàá méjì bá fẹ́ yìnbọn, ẹnì kan á gbé ìbọn lé orí bónẹ́ẹ̀tì, ẹnì kejì á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi táyà, á máa fi ojú ṣọ́ ẹ̀gbẹ́, á sì di rédíò mú. Kí n tó dé ẹnu iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe olè ni, bí ó ṣe àgbọ̀nrín tí ọkọ̀ ṣẹ́ lẹ́yìn, bákan náà ni. Ẹsẹ̀ á ti gbé ọ débẹ̀ kí o tó rò ó. Pẹ̀lú àwọn ìbọn gígùn àtijọ́, ẹnu ìbọn máa ń yọ kọjá etí bónẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, ariwo rẹ̀ á sì bá tirẹ̀ lọ sínú igbó.

A lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀, Arvid gbé ọkọ̀ kan sójú ibi tí a fẹ́ yìn sí. Ṣẹ́rífù wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn wa, ó ti gíláàsì pa, ó ń yáná.

"Orrin," ni Arvid wí, "kúnlẹ̀ síbi táyà yẹn."

Mo ki rọ́bà bọ etí, mo tún fi ìbòtí ńlá bò ó. Arvid fi èyí tó gùn yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Ariwo ìbọn ni, mo ti gbọ́ ọ rí. Lẹ́yìn náà ó gbé èyí tó kúrú lé bónẹ́ẹ̀tì. Ẹnu rẹ̀ kò dé etí bónẹ́ẹ̀tì rárá. Ó dúró lórí irin náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí. Ó yìn ín. Iná lu irin, ariwo lu irin, àwọn méjèèjì sì yíjú sí mi. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan fi ìdérí ìkòkò gbá mi létí. Nígbà tó yìn ín tán lẹ́ẹ̀mẹta, mo rí i pé ètè Arvid ń mì.

"Kí lẹ wí?" mo béèrè.

"Mo ní báwo ni?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Ṣẹ́rífù gbé àtàǹpàkò sókè sí mi láti inú ọkọ̀ rẹ̀.

"Kò burú," mo ní.

 Arvid fa pẹ́ńsù yọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, lójú mi: *Mọ́kànlá ààbọ̀, lórí bónẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kúnlẹ̀ níbi táyà: etí rẹ̀ ń hó, bó tilẹ̀ di etí lọ́nà méjì. Kò yẹ ká lò ó báyìí.* Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìgbà mẹ́ta ni Janelle ìyàwó mi ní kí n gbé ọ̀dùnkún fún òun kí n tó gbọ́. Híhó náà kò dáwọ́ dúró títí mo fi mu kọfí ọjọ́ kejì.

Nítorí náà mo mọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí mo ti ń bá a lọ.

Kí a tó kúrò níbi òkúta lọ́jọ́ náà, ṣẹ́rífù fi fóònù ya fọ́tò wa. Ó ya mí pẹ̀lú ìbọn gígùn, ó tún yà mí pẹ̀lú èyí tó kúrú. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí, ikùn mi sì ti ń ṣáájú mi wọlé. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, mo dà bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ kí ó wá lé pẹ́pẹ́yẹ kúrò lórí pápá. Nínú èkejì, mo dà bí ẹni tí wọ́n máa ń fóònù nígbà tí gbogbo ẹlòmíràn bá ti sá. Inú ilé ìwẹ̀ ni mo ti wò ó, mo ti ilẹ̀kùn. Mo jáde, mo tún padà wọlé lọ wò ó.

Ọjọ́ kẹta, Arvid fa ojú ìwé tó kọ ya, ó kó o fún mi. "Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀," ó ní.

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n, iye owó, bí ọta ṣe ń bọ́ sójú kan náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí gáàsì, mo rọ̀ ọ́ di "ó ṣeé ṣe kí àwọn irin kan nílò pípààrọ̀ ṣáájú àkókò," mo sì fi í sí àlàyé wẹ́wẹ́ ìkọkànlélọ́gbọ̀n, níbi tí ẹ̀dá kankan kì í gbà kọjá. Mo dé orí ọ̀rọ̀ bónẹ́ẹ̀tì. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo ní nínú ara mi pé gbogbo wọn á ṣáà di etí. Kò sí ọlọ́pàá ojú pópó tí í di etí, mo mọ̀. Bí ó bá di etí, kò ní gbọ́ rédíò. Mo wá ní màá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá yá. Bí mo ṣe fò ó nìyẹn. N kò purọ́ kankan. N kò kàn kọ ọ́ ni. Ọ̀mọ̀wé mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, kò sì sí ohun mìíràn tí yunifásítì kọ́ mi tí mo tún lò dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Arvid kà á lórí ìdúró. Ó dé ojú ewé kẹrìnlá, ó ṣí i padà sí ìkẹsàn-án.

"Ti bónẹ́ẹ̀tì dà?"

"Inú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni màá fi í sí, Arvid. Ibẹ̀ ló yẹ ẹ́."

"Nígbà wo?"

"Láìpẹ́."

Ó gbà mí gbọ́. Ọkùnrin tí kì í gba ojú ọjọ́ gbọ́ láìjáde lọ wò ó, ó gbà mí gbọ́.

Àwọn ìbọn náà dé ní oṣù kẹfà. Ṣẹ́rífù lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ gbogbo òpó iná láti ibí dé etí adágún, ìbọn kúkúrú láyà, ó sì wọlé ìbò. N kò kọ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan.

Ó kù kí n dárúkọ Marlys Ostby. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lójú pópó pẹ̀lú wa, etí rẹ̀ sì ni gbogbo ọ́fíìsì ń bẹ̀rù. Bí ọkọ̀ bá wọ ọgbà, á ti sọ bíárìnì táyà tó fẹ́ bàjẹ́. Ṣẹ́rífù kò lè tú ọ̀rá bisikíìtì nínú yàrá rẹ̀ kí Marlys má pariwo láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Ṣẹ́rífù! Kí ni dókítà wí?"

Ní oṣù kọkànlá, òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ kan kọlu akọ àgbọ̀nrín lójú ọ̀nà Mẹ́rìnlá, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn. Marlys àti Darrin Brandvold ni wọ́n lọ. Ẹranko náà wà nínú kòtò ní òdìkejì ọ̀nà, ó ń gbìyànjú láti dìde. Ìbọn ìléwọ́ la máa ń lò fún irú èyí, a ó súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Darrin wo kòtò, ó rí omi tútù, ó sì wo ìbọn tuntun.

"Mo kàn fẹ́ lò ó ni, Ọ̀gá," ó sọ fún mi lẹ́yìn náà, omi lójú rẹ̀. "Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mò ń gbé e kiri. Mo kàn fẹ́ lò ó lẹ́ẹ̀kan."

Ó gbé e lé bónẹ́ẹ̀tì. Marlys kúnlẹ̀ síbi táyà bí a ti kọ́ ọ, rédíò létí ọ̀tún, etí òsì sí bónẹ́ẹ̀tì. Ọta kan ṣoṣo. Àgbọ̀nrín náà kú lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìbọn náà kò dára. Ṣùgbọ́n Marlys kò dìde. Darrin rò pé ó ń gbàdúrà. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹrin kí Marlys tó yí ojú sí i, Darrin sì rí i pé ńṣe ló ń wo ẹnu òun, bí ẹni tó ń ka ìwé.

Dókítà ní ìlú Duluth ní etí òsì ti lọ, kò sì ní padà.

Òfin wa kò ní àbùjá. Ọlọ́pàá ojú pópó gbọ́dọ̀ fi etí méjèèjì gbọ́ràn. Bí ó bá jẹ́ àìbìkítà ara rẹ̀ ló bà á jẹ́, nítorí pé kò di etí, a jẹ́ pé ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ọdún mọ́kànlá rẹ̀ sì di asán. Bí ó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì mọ̀ pé ewu wà, tí kò sì sọ fún un, ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ lé e, ó gbọ́dọ̀ wá iṣẹ́ tó yẹ fún un, kí ó sì tọ́jú etí rẹ̀ títí ayé. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níwájú àwọn kọmíṣọ́nnà tó ń ṣàkóso kántì: ṣé ọ́fíìsì mọ̀? Wọ́n ṣí ìròyìn mi. Wọ́n kà á tinú tẹ̀yìn. Ọ́fíìsì kò mọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn kọmíṣọ́nnà tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, Marlys wá kó bàtà rẹ̀ nínú àpótí. Ó yà sọ́dọ̀ mi, ó yí àga kí etí ọ̀tún lè kọjú sí mi. Ó gbé àwo kéèkì kan sórí tábìlì mi. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ lé lẹ́nu iṣẹ́ ló ń bọ́ mi.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yẹn," ó ní. "Ẹ mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìbọn yẹn jù wá lọ. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ̀bi mi ni? Mi ò lè sùn. Mo máa ń rò ó pé bóyá mo kúnlẹ̀ sún mọ́ ọn jù."

"Má rò ó bẹ́ẹ̀," mo ní.

"Ṣùgbọ́n ṣé ó ṣeé ṣe?"

Ojú ìwé Arvid wà nílé mi nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìwé ìdánilójú ẹ̀rọ ìgékoríko. Mo wo kéèkì náà.

"Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, Marlys," mo ní.

Ó mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n kí Janelle. Mo jẹ kéèkì náà lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀, nítorí pé n kò fẹ́ kí ó kù lórí tábìlì tí màá máa rí i.

Arvid náà wá. Ó ti ilẹ̀kùn, ohun tí kì í ṣe.

"Wọ́n pè mí sí ìjókòó Ọjọ́bọ̀," ó ní.

"Mo gbọ́."

"Bí wọ́n bá bi mí, màá sọ. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni tèmi. Tìrẹ ni ojú ewé mẹ́rìnlá tí èmi náà fọwọ́ sí. Ọwọ́ rẹ ni ojú ìwé mi wà."

"Mo rò pé mo ti sọ ọ́ nù, Arvid."

"Ó dáa." Ó dìde, ó di orúnkún mú. "Bí o bá rí i, aago mẹ́wàá ni. Òkè ilé ìkàwé."

Ẹ máa rò pé mo sunkún, pé mo yí padà. Rárá o. Ohun tí mo ṣe ni pé mo jókòó, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́. Ojú ewé méjì, ó rẹwà. "Ìgbìmọ̀ náà, lábẹ́ ìdààmú àkókò, gbójú fo àkíyèsí kan." Mo kà á fún dígí. Mo lọ aṣọ mi. Mo mú ojú ìwé Arvid jáde láti abẹ́ ìwé ẹ̀rọ ìgékoríko, mo sì fi í sínú àpò ìwé. Mo ti ń rí bí wọn yóò ṣe máa sọ ọ́: ọkùnrin olóòótọ́ ni Haugland.

Kọmíṣọ́nnà mẹ́ta ló jókòó níwájú wa lọ́jọ́ náà. Olórí wọn ni Gladys Wuollet, tó ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa, tó sì ti jẹ́ kí n fìdí rẹmi nínú ìdánwò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Marlys jókòó lápá òsì, ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣẹ́rífù wà nínú aṣọ iṣẹ́ tó dáa jù. Mo dìde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Nínú ìdánwò kejì, a ṣàkíyèsí pé olùwòye tó wà ní ipò ìtìlẹ́yìn ní ìrírí ariwo tó kọjá ìwọ̀n..."

"Ta ni olùwòye?" ni Gladys bi mí.

"Ọ̀kan nínú ọmọ ìgbìmọ̀, ìyáàfin."

"Kò lórúkọ?"

Àga kan dún lẹ́yìn mi. Marlys ni. Ó ti yí odindi ara rẹ̀ kí etí ọ̀tún lè dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́," ó ní. "Ta ló wà níbi táyà?"

Ìwé mi kò ní ìdáhùn sí ìyẹn. Mo ti yẹra fún un ní ojú ewé méjèèjì, pẹ̀lú ọgbọ́n.

"Èmi ni," mo ní.

"Sọ̀rọ̀ sókè, Orrin. Mi ò gbọ́."

"Èmi ni, Marlys! Èmi ni mo kúnlẹ̀ níbẹ̀. Mo di etí lọ́nà méjì, etí mi sì hó di ọjọ́ kejì. Arvid kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́. Mo sọ fún un pé màá fi kọ́ yín, n kò sì ṣe é. Ojú ìwé náà rèé. Ó ti wà nílé mi láti ìgbà náà. Ó wà nílé mi lọ́jọ́ tí o wá bá mi."

 Ṣẹ́rífù ń wo fìlà rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi yọ ọ́?" ni Gladys béèrè, pẹ̀lú ohùn tó fi ń béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ìdáhùn wà lọ́wọ́ mi, ní títẹ̀: ìdààmú àkókò. Mo wò ó. Kò sí ìdààmú àkókò kankan. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fún wa.

"Ó wù mí bó ṣe rí láyà mi nínú fọ́tò ni," mo ní.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè dákẹ́. Gladys bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀," ó sọ fún akọ̀wé. "Bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Kò gbọdọ̀ sí àlàyé wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀."

Wọn kò lé Marlys lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí etí ọ̀tún rẹ̀ tó ti rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe olórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Òun ló ń kọ́ àwọn tuntun ní ibi tó yẹ kí wọ́n kúnlẹ̀ sí. Ojú pópó tó fẹ́ràn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá. Kò sí kọmíṣọ́nnà tó lè fún un níyẹn padà. Wọ́n gba ipò igbákejì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa bójú tó ọkọ̀: táyà, ọ́ìlì, àti gíláàsì tó bá sán. Ohun tó burú jù ni pé àwọn èèyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Pásítọ̀ dì mí mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ìgboyà mi wú òun lórí. Ó dùn mọ́ mi fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo ń kọ èyí náà sílẹ̀ nítorí pé òótọ́ ni.

Ṣẹ́rífù kò gbà láti ra ìbọn mìíràn, nítorí àwọn fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lára òpó. Ó ra páìpù tí ń pa ariwo mọ́lẹ̀, ínṣì mẹ́fà, kí a máa dè é mọ́ ẹnu ìbọn kọ̀ọ̀kan. Arvid fa okùn ìwọ̀n yọ níwájú gbogbo wa, ó wọn ọ̀pá àti páìpù pọ̀: mẹ́tàdínlógún ààbọ̀. Ó ká okùn rẹ̀, ó fi sápò. Páìpù náà sì tún ń ti gáàsì padà sẹ́yìn sójú ẹni tó ń yìnbọn. Bí ṣẹ́rífù bá yìn ín tán, omi á máa dà lójú rẹ̀. Ó ní eruku ni.

Marlys ti dárí ji Darrin kí ó tó kúrò nílé ìwòsàn. Ó máa ń bi í léèrè ọmọ rẹ̀, ó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí bó ṣe ń wakọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bá a sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì, Marlys á yí orí díẹ̀ kí etí ọ̀tún lè gbọ́ ọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é mọ́. Èmi nìkan ni kì í yí orí sí. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, etí òsì rẹ̀ ló máa ń kọjú sí mi, á sì máa kọ ìwé rẹ̀ lọ títí n ó fi sọ tèmi tán.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo fẹ́ sọ fún un pé táyà òtútù ti dé, kí ó kó ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá. Mo rìn yí tábìlì náà ká, mo lọ dúró ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó gbé kálàmù sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó yí àga rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí etí òsì fi tún kọjú sí mi.

"Máa sọ," ó ní. "Mò ń gbọ́."

Mo sọ ọ̀rọ̀ táyà náà fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.